Kólò Mẹ́ta Lábẹ́ Sìmẹ́ńtì

Ẹni tó bá ní òun kò mọ Sàúdátù ní Fìdítì láyé ìgbà náà, a jẹ́ pé onítọ̀hún kò wọ mọ́tò gba ibẹ̀ kọjá rí ni. Bí mọ́tò bá ti ń ti Ìbàdàn bọ̀, tó fẹ́ gba Fìdítì lọ sí Ọ̀yọ́, kí dírẹ́bà tó tẹ bíréèkì tán, Sàúdátù á ti dé ẹnu fèrèsé pẹ̀lú igbá ọsàn lórí. "Ọsàn Fìdítì rèé o! Ẹ mu ún wò, bí kò bá dùn, ẹ sọ èèpo rẹ̀ lù mí!" Kò sẹ́ni tó sọ èèpo lù ú rí. Ọsàn náà dùn, ẹnu Sàúdátù sì tún dùn ju ọsàn lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń tà lẹ́bàá títì máa ń sọ pé bí Sàúdátù bá fẹ́, á ta èèpo ọsàn fún ẹni tó ti mu inú rẹ̀ tán.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé òwò yẹn sọ ọ́ di olówó. Níbo! Kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ ni èrè ọsàn. Mọ́ṣúdù ọkọ rẹ̀ ń ro oko iṣu àti ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ìmíní. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀: Fàsílátù tó jẹ́ àkọ́bí, Sìrájù tó tẹ̀lé e, àti Ṣàfíù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín. Àlàkẹ́, ìyá Mọ́ṣúdù, tún wà nínú yàrá kejì, tó ń fi ojoojúmọ́ pa ẹ̀kùrọ́. Ẹnu mẹ́fà, ìkòkò kan. Ẹni tó bá ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé bùkátà ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín náà ni wọ́n máa ń rín sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Mọ́ṣúdù, tìfẹ́tìfẹ́ ni mo sì fẹ́ sọ ọ́, torí èèyàn dáadáa ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò ṣe é dì. Bó bá ta iṣu láàárọ̀, kó tó dé ilé lọ́sàn-án, ó ti ra obì fún ọ̀rẹ́, ó ti ṣe sàráà fún arúgbó, ó ti dá sí owó adìẹ fún ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bímọ. Iléyá ọdún kan wà tó ra àgbò tó ga débi pé àwọn ọmọ àdúgbò ń sá fún un. Ẹran náà tán lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀kọ gbẹrẹfu ni wọ́n sì jẹ títí oṣù fi lé. Bí Sàúdátù bá sọ̀rọ̀, Mọ́ṣúdù á ní, "Ọlọ́run ló ń pèsè, ìyàwó mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Fàsílá," ni Sàúdátù á dáhùn. "Ọlọ́run ló ń pèsè. Ẹ̀yin lẹ sì ń bá a pín in."

Nígbà tí Fàsílátù bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, inú ọsàn ni Sàúdátù ti ń yọ owó rẹ̀ san. Ìgbà tó wá di oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba kéde pé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́. Háà! Ariwo ta ní Fìdítì lọ́jọ́ náà. Àwọn ìyá ọmọ jó lẹ́bàá títì, àwọn mìíràn sì ti ń sọ irú aṣọ tí àwọn máa fi owó tó ṣẹ́kù rà. Sàúdátù náà jó, ó tilẹ̀ jó ju ẹni tó pè é sí ijó lọ. Àmọ́ nígbà tó délé, ó jókòó, ó rò ó. Ó ní, "Owó yìí ni mo ti ń san bọ̀ látijọ́, mi ò sì kú. Bí ìjọba ò bá gbà á mọ́, ẹlòmíràn á gbà á lọ́wọ́ mi."

Ló bá dìde, ó lọ bá àwọn amọ̀kòkò, ó ra kólò kan, ìkòkò amọ̀ kékeré tí kò ní ẹnu kankan, àfi ojú tín-ín-rín tí owó ń gbà wọlé. Owó kì í jáde nínú kólò àfi téèyàn bá fọ́ ọ. Sàúdátù gbẹ́ ilẹ̀ yàrá rẹ̀, lábẹ́ àpótí aṣọ, ó ri kólò náà mọ́lẹ̀, ó ku ojú rẹ̀ nìkan lókè. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, á ti àpótí sẹ́yìn díẹ̀, á sọ sísì kan sí i, kín! Á wá rẹ́rìn-ín, á ní, "Tíṣà, ẹ gba owó ilé ìwé yín o."

Kò pẹ́ tó fi ra èkejì fún Sìrájù. Tọ́rọ́ ni tìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ Ṣàfíù lórúkọ, ẹ̀kẹta wọlẹ̀. Kọ́bọ̀ ni ti ẹni tí kò tíì ní eyín. Ọjọ́ tí òjò bá bá wọn sùn bá wọn jí, tí mọ́tò kankan kò dúró, kì í sí ohun tó máa jù sínú wọn. Á kàn fọwọ́ pa kólò lójú, á ní, "Tíṣà, ẹ má bínú, ó di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀." Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn ún, á sì fà sẹ́yìn nínú oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni tó jẹ̀bi. Ní ti aṣọ, ẹ̀wù kan náà ló fi ṣe ọdún mẹ́ta. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Sàúdá, aṣọ yìí mà ti dàgbà tó ẹni tí à ń fún lọ́kọ!" Á ní, "Ẹ bá mi wá ọkọ fún un nígbà náà, kí n rówó orí gbà."

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sọ fún Mọ́ṣúdù rárá, kì í sì í ṣe ti ìkà. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Mọ́ṣúdù bá fi lè mọ̀ pé owó wà lábẹ́ ilẹ̀, kí oṣù tó parí, owó náà á ti máa ké bẹ̀ẹ́ lórí ìso.

Ní ìparí ọdún 1957, Fàsílátù jáde ìwé mẹ́fà. Ọmọ náà mọ̀wé. Bó bá ti ti ilé ìwé dé, á to Sìrájù àti ewúrẹ́ ilé sí ìlà, á gbé igi lọ́wọ́, á máa kọ́ wọn ní ìṣirò. Tíṣà ló fẹ́ dà, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣe ìdánwò àṣewọlé sí ilé ìwé mọ́dà kan ní Ìlọrà, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi ọdún mẹ́ta tẹ̀ síwájú lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, ó sì yege. Mọ́dà kì í ṣe ọ̀fẹ́ ní tiẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sọ pé kí wọ́n mú pọ́ùn mẹ́ta wá ní Mọ́ńdè kejì oṣù kìíní. Bí owó kò bá dé lọ́jọ́ náà, wọn á fi àyè ọmọ náà fún ẹlòmíràn.

Mọ́ṣúdù gba ìwé náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀wé kà. Fàsílátù ló kà á fún un.

"Pọ́ùn mẹ́ta!" ni bàbá náà wí. "Fàsílá ọmọ mi, níbo ni mo ti fẹ́ rí i? Bí mo bá ní in, ṣé mo máa fi dù ọ́ ni? Ìwé mẹ́fà náà kì í ṣe kékeré. Wàá lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, àlùbáríkà á sì wà níbẹ̀."

Fàsílátù lọ bá ìyá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Sàúdátù fi etí ìró nù ún lójú. "Ta ló sọ fún ọ pé ọ̀nà ti dí? Dákẹ́ ẹkún. Ìwọ ṣáà lọ fọ ẹsẹ̀ tí o fẹ́ fi wọ bàtà lọ sí Ìlọrà." Ọmọ náà wò ó, ó rí i pé ìyá òun kò ṣe àwàdà, ó sì dákẹ́. Inú Sàúdátù ń dùn lábẹ́lẹ̀. Ó ti pinnu pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn gan-an ni òun máa fọ́ kólò síwájú Mọ́ṣúdù, kí òun wo bí ẹnu rẹ̀ á ṣe là sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti ń fojú sọ́nà fún ẹnu tó máa là sílẹ̀ yẹn.

Àṣé Ọlọ́run ti gbọ́ tiẹ̀ tán.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin bímọ ní Ìlọrà, ó sì di dandan kí Sàúdátù lọ bá a tọ́jú ìkókó fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Kó tó lọ, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ní ewúrẹ́ lè wọlé, ó ní Sìrájù lè wá ìrẹ̀ dé abẹ́ àpótí. Ló bá po amọ̀, ó fi dí ojú kólò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi ẹbọ́tọ ìgbẹ́ màlúù pa á, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ títí ó fi bá ilẹ̀ yòókù dọ́gba. Nígbà tó parí, òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Ó yin ara rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà.

Ọjọ́ Alámísì tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn ló padà dé. Bó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó rí i pé èèyàn pé jọ sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," ni Mọ́ṣúdù wí. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ ẹ̀wù ọdún rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín dé etí. "Bọ́ bàtà rẹ."

"Kí n bọ́ kí ni?"

"Mo ní kó o bọ́ bàtà, obìnrin yìí!"

Sàúdátù bọ́ bàtà, ó wọlé. Ilẹ̀ tutù mọ́ ọn ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Sìmẹ́ńtì ni! Láti ẹnu ọ̀nà dé ara ògiri, láti yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dán gbinrin, kò sí ìdọ̀tí kankan lára rẹ̀. Nínú agbo ilé náà látòkè délẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilẹ̀ rí. Ezekiel bíríkìlà tó ṣiṣẹ́ náà dúró sí igun yàrá, ó ká ọwọ́ mọ́yà, ó ń retí ìyìn.

"Ṣé o rántí ọjọ́ tí ò ń pa ilẹ̀," ni Mọ́ṣúdù bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, "tí o ní orúnkún ń ro ọ́? O rò pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́. Mo ta iṣu àti ewúrẹ́ méjì. Sàúdá, o ò tún ní kúnlẹ̀ pa ilẹ̀ mọ́ láyé rẹ."

Sàúdátù wo ibi tí àpótí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Àpótí ti wà lára ògiri kejì. Kò sí àmì, kò sí ojú kólò, kò sí nǹkan kan. Ó gbé ọwọ́ lé orí.

"Yéè! Mo gbé o!" Ó ṣubú lu ilẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń gbá sìmẹ́ńtì níhìn-ín, ó ń gbá a lọ́hùn-ún, ó ń dẹ etí sí i.

"Ayọ̀ ni!" ni àwọn èèyàn ń pariwo. "Ayọ̀ ló ń pa á! Ẹ jẹ́ kó ṣe é tẹ́rùn!"

Ezekiel mi orí. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe bíríkìlà, mi ò tíì rí ẹni tí sìmẹ́ńtì dùn mọ́ tó báyìí." Mọ́ṣúdù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó rò pé òun ti ṣe ohun tó ga jù lọ tí ọkọ lè ṣe fún ìyàwó rẹ̀, ká sì sòótọ́, kò jìnnà sí i.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Sàúdátù ronú pé òun á rọra gbẹ́ ẹ nígbà tí ọkọ òun bá lọ sí oko. Ọkọ kò lọ sí oko. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ló kó àwọn ọ̀rẹ́ wálé, ó ní kí wọ́n bọ́ bàtà sílẹ̀, ó ń mú wọn yí yàrá ká. "Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ o. Ẹ wo ibi ògiri yẹn, ẹ wo bó ṣe gún." Sàúdátù ń gbé omi fún wọn, ó ń fi eyín rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ ń sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, Mọ́ṣúdù jàjà lọ sí oko. Sàúdátù yára mú ọmọ odó, ó fẹ́ máa fi kan ilẹ̀ wò bóyá òun á gbọ́ ibi tó ṣófo. Àfi bí Ìyá Àlàkẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀, ṣe tẹ́ ara rẹ̀ gbọọrọ sí àárín yàrá náà.

"Ìyá, ẹ ò ní jáde lọ yá oòrùn díẹ̀ ni?"

"Oòrùn wo? Ilẹ̀ yìí tutù bí ìdí àmù. Ibí yìí ni mo wà títí ọlọ́jọ́ á fi dé." Ìyá náà la ojú kan. "Ọmọ odó yẹn ńkọ́? Iṣu dà?"

"Mo… mo fẹ́ fọ̀ ọ́ ni, Ìyá."

"Ó dáa. Fọ̀ ọ́."

Sàúdátù jáde, ó lọ fọ ọmọ odó tí kò dọ̀tí. Bó ti ń fọ̀ ọ́ ló ń rò ó. Bí òun bá sọ̀rọ̀, ilẹ̀ tí Mọ́ṣúdù fi gbogbo èrè ọdún rẹ̀ ṣe á di wíwó. Yóò sì mọ̀ pé fún ọdún mẹ́ta, ìyàwó òun kò fọkàn tán òun. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tán nínú ọkùnrin. Bí òun kò bá sì sọ, àyè Fàsílátù á bọ́ ní ọ̀túnla. Ó wá ọ̀nà kẹta títí, kò rí i. Ẹ̀rù ń bà á gan-an, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín.

Fàsílátù ló tú u jáde láìmọ̀. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, ọmọ náà wọlé wá bá a, ó ti ká ìwé ilé ìwé mọ́dà ní mẹ́rin, ó ń fi sínú àpótí ìyá rẹ̀, lábẹ́ aṣọ.

"Ìyá mi, ẹ má dààmú mọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbìyànjú. Ilẹ̀ tí bàbá mi ṣe yìí dára gan-an ni. Màá kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Màá kọ́kọ́ rán aṣọ tuntun fún yín, kí wọ́n yé fi tiyín ṣe yẹ̀yẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Sàúdátù lákínyẹmí ara. Ó dìde, ó lọ tààrà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí Mọ́ṣúdù jókòó sí tó ń jẹ obì, ó sì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì náà gan-an.

"Bàbá Fàsílá, ẹ forí jì mí. Owó Fàsílátù wà lábẹ́ ilẹ̀ yìí."

"Owó kí ni?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí kólò kìíní dórí amọ̀ tó fi dí wọn lójú. Mọ́ṣúdù dẹ́kun obì jíjẹ. Ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀.

"Ọdún mẹ́ta? Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sùn lórí owó, tí mo ń lọ yá tọ́rọ́ ra obì? Èéṣe tí o kò sọ fún mi, Sàúdá?"

Omijé ti dé ojú Sàúdátù, ṣùgbọ́n òótọ́ ló jáde lẹ́nu rẹ̀. "Bí mo bá sọ fún yín, àgbò ni ì bá dà. Ẹ máa bínú. Àgbò ńlá."

Mọ́ṣúdù wò ó. Ó dìde, ó jáde. Sàúdátù wà lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀, ó ní ó ti parí, ilé òun ti tú.

Kò pẹ́, ó gbọ́ ariwo lójú ọ̀nà. Mọ́ṣúdù ló ń bọ̀ pẹ̀lú dígà léjìká, Ezekiel sì ń sá tẹ̀lé e pẹ̀lú ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. "Bàbá Fàsílá, kí lẹ fẹ́ fi dígà mi ṣe? Sìmẹ́ńtì yẹn ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú iṣẹ́ ọwọ́ mi!"

Mọ́ṣúdù wọ yàrá. "Níbo?"

"Ẹ̀yin… ẹ ò bínú?"

"Màá bínú lọ́la, lẹ́yìn tí a bá ti sanwó. Níbo?"

Sàúdátù tọ́ka. Mọ́ṣúdù gbé dígà sókè, ó là á mọ́lẹ̀. Ezekiel di ojú. Wọ́n gbẹ́, wọ́n gbẹ́, erùpẹ̀ lásán ni. "Bóyá ìsàlẹ̀ ibí," ni Sàúdátù wí. Wọ́n tún la ibòmíràn, kò sí nǹkan kan. Ihò méjì ti wà nínú yàrá, eruku bo gbogbo wọn, Sàúdátù sì ń yí po, ó ń bú amọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi pa á. Ìgbà náà ni Ìyá Àlàkẹ́ gbọn aṣọ rẹ̀, ó dìde lórí ẹní.

"Ẹ kúrò níbẹ̀ jàre, ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ẹ tó wó ilé lé mi lórí."

Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri tó là yàrá méjèèjì, ó fi ẹsẹ̀ wọn ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó yà sọ́tùn-ún díẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. "Ibí."

"Ìyá," ni Mọ́ṣúdù wí, "báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ògiri kan ló wà láàárín wa. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbọ́ kín, kín, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà. Ẹ rò pé mo dití ni?"

"Ẹ ò wá sọ fún mi!"

"Kí n sọ fún ìwọ?" ni ìyá náà wí. "Ìwọ tí èmi fúnra mi bí?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ezekiel kó tó rántí pé iṣẹ́ òun ni wọ́n ń wó. Sàúdátù ní, "Ìyá, ẹ wá jẹ́ kí wọ́n da sìmẹ́ńtì bò ó?"

"Èmi ti yọjú wò ó lọ́jọ́ tí o lọ. Nígbà tí mo rí i pé o ti dí wọn lójú, mo ní o ti kó owó ọmọ lọ sí Ìlọrà nìyẹn. Ta ní máa mọ̀ pé ara rẹ lo gbọ́n mọ́?"

Mọ́ṣúdù la ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, nǹkan dún pòó. Ó sọ dígà sílẹ̀, ó fọwọ́ wa erùpẹ̀, ó sì gbé kólò àkọ́kọ́ jáde, ti Fàsílátù. Ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀. Sàúdátù fọ́ ọ lórí ilẹ̀, sísì sì tú yàà, ó ń yí lọ sábẹ́ gbogbo nǹkan. Fàsílátù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, kò mọ èyí tó fẹ́ ṣe. Wọ́n kà á. Pọ́ùn mẹ́ta wà níbẹ̀, ó sì lé dáadáa.

Ṣùgbọ́n Sàúdátù mú nǹkan kan láàárín owó náà, ó gbé e sókè. Kọ́bọ̀ oníhò ni. Ó tún rí òmíràn. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀, ó lé ní ọgọ́ta.

"Èmi ò fi kọ́bọ̀ sínú ti Fàsílátù rí," ló wí. "Sísì nìkan ni mò ń fi sí i."

Gbogbo wọn yíjú sí Ìyá Àlàkẹ́. Ìyá náà ti ń wá pákò rẹ̀ kiri.

"Ìyá?"

"Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?" ni ìyá arúgbó náà wí, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, tí mọ́tò kò dúró, èmi kì í gbọ́ kín. Bí o bá ti jáde lọ dáná nídìí àdògán, mo máa ń mú kọ́bọ̀ kan nínú owó ẹ̀kùrọ́ mi wọlé. Kò yẹ kí owó ilé ìwé ọmọ sùn lébi."

Sàúdátù dì mọ́ ọn. Ẹkún tó ti ń pa mọ́ láti Alámísì ló sun sí ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́rùn. Mọ́ṣúdù jókòó sórí òkìtì sìmẹ́ńtì tó wó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ọlọ́run ò gba ẹnu tó là sílẹ̀ yẹn lọ́wọ́ Sàúdátù, ó kàn jẹ́ pé omijé kò jẹ́ kó rí i dáadáa.

Mọ́ṣúdù fúnra rẹ̀ ló mú ọmọ lọ sí Ìlọrà ní Mọ́ńdè. Sàúdátù di owó náà mọ́ etí gèlè, ó fún Fàsílátù mú dání. "Bàbá Fàsílá, ẹ má gba ibi tí wọ́n ti ń ta àgbò o!" ló pariwo tẹ̀lé mọ́tò. Àwọn ọlọ́sàn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí mọ́tò náà fi kọ kọ́nà.

Wọ́n hú ojú kólò méjì yòókù náà síta, Ezekiel sì padà wá dí ilẹ̀. Sàúdátù ra kólò tuntun fún Fàsílátù, torí mọ́dà ṣì ku ọdún méjì lẹ́yìn èyí. Ezekiel fẹ́ da sìmẹ́ńtì bo gbogbo rẹ̀, àmọ́ Mọ́ṣúdù dá a dúró. Ó ní, "Fi ojú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Da sìmẹ́ńtì yí wọn ká, kó le dáadáa." Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Àwọ̀ ibi tí wọ́n dí kò bá ti ilẹ̀ yòókù mu, àwọn àlejò sì máa ń béèrè ohun tó ṣe é. Mọ́ṣúdù kì í tìjú rárá. Á ní, "Ibẹ̀ ni ọmọ mi gbà lọ sí mọ́dà." Ẹni tó bá sì fẹ́ mú owó jáde níbẹ̀, àfi kó lọ yá dígà lọ́wọ́ Ezekiel, Ezekiel sì ti búra pé òun ò ní yá Mọ́ṣúdù ní dígà mọ́ láéláé.

Ní ọjọ́ ọjà kẹta lẹ́yìn ìyẹn, Sàúdátù ti ẹ̀bá títì dé pẹ̀lú sísì rẹ̀ lọ́wọ́. Bó ti fẹ́ wọ yàrá, ó rí Mọ́ṣúdù níwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ta iṣu dé ni. Ó ti kọjá níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí obì, kò dúró. Ó ti àpótí sẹ́yìn, ó rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì bí ẹni tó fẹ́ jalè nílé ara rẹ̀. Sàúdátù fà sẹ́yìn sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Kò fẹ́ kó mọ̀ pé òun rí i.

Kín!

"Mo gbọ́ ọ o!" ni Ìyá Àlàkẹ́ wí láti yàrá kejì. "Ìyẹn wúwo ju sísì lọ. Ṣílè ni, àbí?"

"Ṣílè ni, Ìyá," ni Mọ́ṣúdù dáhùn jẹ́jẹ́.

"Ó ṣeun, ọmọ mi. Ìgbà yìí ni mo tó bí ọ."